Koríko Tí Yóò Bá Yín Ta Ilé

Ẹ̀yin ará wa ní Bowie, ní Lanham, ní Laurel àti ní Upper Marlboro ní Maryland níbí, ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ká mọ́ ojú ọ̀nà Beltway, Oṣù Kẹsàn-án ti wọlé, àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí tọkọtaya ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn: tó bá di ìgbà ìrúwé, a ó ta ilé yìí. Ẹlòmíràn ti fẹ̀yìn tì, àtẹ̀gùn ilé ti ń yọ orúnkún lẹ́nu. Ẹlòmíràn rí iṣẹ́ sí Texas. Ẹlòmíràn ń retí bàbá àti màmá láti ilé, yàrá mẹ́ta kò sì gbà wọ́n mọ́. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lórí ètò yìí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni títọ́jú ọgbà àti koríko fún àwọn onílé ní agbègbè yìí, nítorí náà ẹ má retí kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ilé. Ìyẹn di ọwọ́ realtor yín, aṣojú tó ń bá yín ta ilé. Tèmi ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: koríko tí ẹni tó fẹ́ ra ilé yóò bá níwájú ìta yín ní Oṣù Kẹrin, àsìkò tí a wà yìí la ti ń gbìn ín. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí yìnyín bá yọ́ kó tó rántí koríko, owó ni yóò fi máa lé ìgbà tó ti lọ, owó kì í sì í rí ìgbà rà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ koríko máa ń pa àwọn àgbà wa lẹ́rìn-ín. Nílé, koríko kọ́ ni èèyàn ń gbìn síwájú ilé. Àgbàlá tó mọ́, ilẹ̀ pupa ni, tí wọ́n ti fi ọwọ̀ gbá láti kùtùkùtù, tí ojú ọwọ̀ ṣì hàn lórí rẹ̀ nígbà tí àlejò bá wọlé. Koríko tó bá hù síbẹ̀, ejò ló ń wá ibùgbé fún, àdá ni wọ́n sì fi ń kí i káàbọ̀. Màmá kan tó wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Bowie dúró tì mí lọ́jọ́ kan tí mò ń fọ́n irúgbìn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ gbin koríko, ẹ bomi rin ín, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ tún ń gé e dànù. Ewúrẹ́ wo ló fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an?" Mo ní, "Màmá, ẹni tó fẹ́ ra ilé ni."

Òótọ́ sì ni. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń ra ilé níbí, iwájú ilé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dárúkọ owó, orí fóònù ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń wò ó. Àwòrán tó máa ń ṣáájú nínú ìpolówó ilé, àwòrán tí wọ́n dúró sójú títì yà ni: òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé, gbogbo ìsàlẹ̀ àwòrán náà sì jẹ́ koríko. Bí ilẹ̀ bá pá níhìn-ín, tí èpò yọ lọ́hùn-ún, ẹni tó ń wò ó kò ní í sọ pé koríko yìí ò dára. Ohun tí yóò bi ara rẹ̀ ni pé: bí wọn ò bá tọ́jú ohun tí gbogbo ayé ń rí, ṣé wọ́n á tọ́jú ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí? Ṣé wọ́n ń pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ òrùlé wò kẹ́yìn? Láti orí koríko ni ọkàn rẹ̀ ti ń dín owó kù.

Ó dáa. Kí a tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ irú koríko tó wà nílẹ̀. Ní Maryland níbí, èyí tó pọ̀ jù níwájú ilé wa ni tall fescue, nígbà mìíràn tí wọ́n pò ó mọ́ Kentucky bluegrass tàbí perennial ryegrass. Ọmọ òtútù ni gbogbo wọn. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń ṣe fàájì, Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń jìyà. Ẹ̀yin tí koríko yín pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú ooru tó kọjá lọ yìí, ẹ má tíì bọkàn jẹ́, apá kan nínú rẹ̀ lè sùn lásán ni, yóò jí. Ẹ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ wò. Bí ìdí rẹ̀ bá funfun, tó sì di ilẹ̀ mú, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Èyí tó bá tú sọ́wọ́ láìjanpata, ó ti kú.

Àwọn àgbàlá kan wà tó jẹ́ zoysia tàbí Bermuda ló wà níbẹ̀, ìyẹn koríko ilẹ̀ olóoru. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nígbà òtútù: koríko aládùúgbò á tutù minimini, tiyín á funfun bíi pòròpórò, kò sì ní í jí títí Oṣù Kẹrin fi máa parí tàbí kó wọ Oṣù Karùn-ún. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ má fọ́n fescue lé e lórí, owó ló ṣòfò. Ẹ kúkú sọ fún realtor yín pé kí wọ́n gbé ilé jáde lópin Oṣù Karùn-ún nígbà tí koríko bá ti wọ aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ títà ilé ṣeé sún. Ọjọ́ tí koríko ń jí kò ṣeé sún.

Ní ti fescue, àlàyé wà lórí ìdí tó fi jẹ́ ìgbà yìí la ń gbìn ín. Ilẹ̀ ṣì ní ooru tó kó jọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú, irúgbìn á sì tètè là. Afẹ́fẹ́ òkè ti ń tutù, ọmọ koríko ò ní í rọ. Èpò tó ń dà wá láàmù jù, èyí tí wọ́n ń pè ní crabgrass, tó fara jọ gbẹ́gi ilé wa, ọdún kan péré ló ń lò láyé. Ìrì dídì àkọ́kọ́ ni yóò pa á, kò ní sí ẹni tí yóò bá ọmọ koríko du àyè. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìyókù ìgbà ìwọ́wé àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni gbòǹgbò fi ń wọlẹ̀ lọ kí ooru tó dé.

Ẹ wá wo ẹni tó dúró di Oṣù Kẹrin. Irúgbìn rẹ̀ á hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò kan náà ni crabgrass ń hù. Bó bá da oògùn tí wọ́n fi ń dènà crabgrass sílẹ̀, oògùn náà ò mọ èyí tí í ṣe èpò yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe irúgbìn olówó, á dènà méjèèjì. Bí kò bá dà á, èpò á bo ọmọ koríko mọ́lẹ̀. Nígbà tí Oṣù Keje bá sì dé, gbòǹgbò tí kò jìn níbi kankan á jóná. Mo ti rí onílé tó ń fọ́n irúgbìn ní gbogbo Oṣù Kẹrin, lọ́dọọdún, tó sì ń sọ pé ilẹ̀ àdúgbò òun ni kò dára. Ilẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Àyè tí a ní bẹ̀rẹ̀ láti òpin Oṣù Kẹjọ, ó sì parí ní nǹkan bí àárín Oṣù Kẹwàá. Tall fescue máa ń yọ lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14. Kentucky bluegrass máa ń lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí náà ẹni tó bá ti pẹ́, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ra ìyẹn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ irúgbìn rírà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ má wo àwòrán tó wà níwájú àpò. Gbogbo àpò ló ní koríko tútù yọ̀yọ̀ níwájú. Ẹ yí i padà, ẹ wá ìwé pélébé tí òfin ní kó wà lára rẹ̀. Yóò sọ irú koríko tó wà nínú rẹ̀ àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Yóò sọ iye tó lè hù. Yóò sọ oṣù àti ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò sì sọ iye èso èpò tó wà níbẹ̀. Iye èso èpò yẹn, bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni kí ẹ ṣe fẹ́ ẹ tó. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti lé lọ́dún kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá sì rí annual ryegrass níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Owó irú àpò yẹn máa ń pọ́ọ́kú, ó sì máa ń tètè hù, inú á dùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ á kú.

Ẹnìkan á ní, "Kí ló kàn mí? Ilé á ti kúrò lọ́wọ́ mi nígbà náà." Ẹ jẹ́ n fèsì bí oníṣòwò, kì í ṣe bí oníwàásù. Annual ryegrass kì í bá fescue dọ́gba. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti fescue lọ, ewé rẹ̀ le, ó sì máa ń sáré ga nígbà ìrúwé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá wo ilé, bí ẹ tiẹ̀ gé e lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, á ti ga yọ láàárín ìyókù. Ojú títì ni wọ́n á ti rí i pé ẹ lẹ nǹkan mọ́ nǹkan.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ gé koríko tó wà nílẹ̀ kúrú ju bí ẹ ṣe máa ń gé e lọ, bíi ínṣì 2, kí ẹ kó gbogbo èyí tó gé kúrò, kí irúgbìn lè kan ilẹ̀. Irúgbìn tó bá dúró lórí koríko gbígbẹ, ẹyẹ ló ni ín. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ilẹ̀ níhò. Ẹ̀rọ wà fún un, aerator lorúkọ rẹ̀, ó ń yọ iyẹ̀pẹ̀ jáde ní gígùn-gígùn bí ìka ọwọ́, ihò rẹ̀ sì máa ń jìn tó ínṣì 2 sí 3. Ilẹ̀ àgbègbè wa yìí, amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ọdún tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ti mú un le gbagidi. Omi ò wọ inú rẹ̀, gbòǹgbò ò wọ inú rẹ̀. Ẹ bomi rin ilẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má sì ṣe é nígbà tó bá ṣì kún fún omi. Ẹ fi àmì sí gbogbo ojú ẹ̀rọ ìbomirin tó wà nílẹ̀, àti wáyà tí àwọn alájá máa ń rì mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà já wọn.

Ẹ ò nílò láti ra aerator. Home Depot ń fi yá èèyàn. Ó wúwo, ó ń fa èèyàn lọ ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ló yẹ kó dì í mú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí onílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò kan náà da owó pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ẹ ṣe é ní àáró: ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹ parí sí ọ̀dọ̀ àbúrò. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní òpópónà kan tí mo mọ̀, owó tí wọ́n ná kò tó nǹkan, wọ́n sì jẹ ìrẹsì lẹ́yìn rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ̀rọ bá yọ jáde, ẹ má gbá a. Ó burú lójú fún ọjọ́ díẹ̀, òjò á fọ́ ọ, á padà wọlẹ̀.

Nígbà náà ni irúgbìn kàn. Níbi tí koríko ṣì wà àmọ́ tó fẹ́lẹ́, ìwọ̀n pọ́ùn 3 tàbí 4 tall fescue tó fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 1,000. Níbi tó pá pátápátá, pọ́ùn 6 sí 8. Ẹ pín irúgbìn sí méjì, kí ẹ fọ́n ìdajì kan ní òró, kí ẹ fọ́n ìdajì kejì ní ìbú, ìyẹn ni kò ní í jẹ́ kó yọ ní ìlà-ìlà. Ẹ fi réèkì fà á wọlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kó má jìn ju ìdámẹ́rin ínṣì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi pòròpórò bò ó, kó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ilẹ̀ ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀.

Omi ni àṣírí tó kù. Kí irúgbìn tó yọ, òkè ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ rárá: díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má jẹ́ kó ṣàn. Bó bá ti yọ tán, ẹ dín iye ìgbà kù, kí ẹ sì mú kí omi wọlẹ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, kí gbòǹgbò lè wá a lọ sísàlẹ̀. Tó bá ga kọjá ínṣì 3 àbọ̀, ẹ gé e sí 3. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa tọ́jú rẹ̀, láàárín ínṣì 3 àti 4. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn gígé mọ́lẹ̀ féléfélé bí orí tí wọ́n fá, kí ó lè pẹ́ kí a tó tún gé e. Fescue kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ.

Ní ti láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ má baà kan jù, àwọn kan nínú wa ń dà á sílẹ̀ lọ́dọọdún láìbéèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ bóyá ó fẹ́. Fescue fẹ́ ilẹ̀ tí pH rẹ̀ wà láàárín 6 àti 7. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ láti ibi mélòó kan nínú àgbàlá, ẹ pò ó pọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò. University of Maryland Extension ní àlàyé bí a ṣe ń bù ú àti orúkọ àwọn ibi tí a lè fi ránṣẹ́ sí. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Ìwé èsì náà á tún wúlò fún ọ̀rọ̀ òfin tí mo fẹ́ wá sí yìí.

Òfin wà o. Maryland ṣòfin lórí ajílẹ̀ koríko ní 2011, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọjọ́ 1, Oṣù Kẹwàá, 2013. Onílé kankan kò gbọdọ̀ da ajílẹ̀ sórí koríko láti Ọjọ́ 15, Oṣù Kọkànlá, títí di Ọjọ́ 1, Oṣù Kẹta. Phosphorus inú ajílẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ lò ó àyàfi bí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá ní ilẹ̀ yín nílò rẹ̀, tàbí bí ẹ bá ń gbin koríko tuntun. Nitrogen kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 0.9 lọ fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò ńlá bá ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá dà sójú ọ̀nà ọkọ̀ tàbí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹ gbá a padà sórí koríko. Àwọn kan sì wà tó ń fi ajílẹ̀ yọ́ yìnyín lẹ́nu ọ̀nà nígbà òtútù. Ìyẹn náà lòdì sófin.

Wọn ò kàn dá wa lẹ́kun lásán. Omi tó ń ṣàn kúrò lójú títì wa, inú Chesapeake Bay ló ń já sí nígbẹ̀yìn. Ajílẹ̀ tó bá bá a lọ á bọ́ ewédò inú omi, á pọ̀ lápọ̀jù, nígbà tó bá kú tó ń jẹrà, á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán. Ẹja àti akàn ò ní í rí èyí tí wọ́n máa mí. Akàn yìí kan náà la sì ń dúró lórí ìlà rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ẹ da ajílẹ̀ yín láàárín Oṣù Kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá jẹun dáadáa nígbà yìí kì í ní láti bẹ̀bẹ̀ nígbà ìrúwé. Bí ẹ bá da nitrogen púpọ̀ sí fescue nígbà ìrúwé, á ga kíá lóòótọ́, àrùn á sì tètè mú un bí ooru bá dé.

Oògùn apa-èpò ńkọ́? Dandelion, ìgbà ìwọ́wé ni kéèyàn bá a jà, nítorí oúnjẹ ló ń kó sọ̀kalẹ̀ sí gbòǹgbò lákòókò yìí, oògùn á bá oúnjẹ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fín oògùn sórí koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kí ẹ tó gé e nígbà mélòó kan, ẹ ka ohun tí ara ike sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Montgomery County, tiyín tún yàtọ̀. Òfin tí county yín ṣe ní 2015 ka ọ̀pọ̀ oògùn wọ̀nyẹn léèwọ̀ lórí koríko ilé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fa èpò tu, tàbí kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ewé máa dé láìpẹ́. Igi oak àti maple ò ní í bi yín bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n irúgbìn. Ewé tó bá bo ọmọ koríko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí òjò sì pa á mọ́lẹ̀, á pa á kú. Bí ewé bá ṣì fẹ́lẹ́, ẹ kàn fi ẹ̀rọ ìgékoríko gba orí rẹ̀ kọjá, kó lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bó bá ti pọ̀ ju èyí tó lè lọ̀ lọ, ẹ kó o. Lábẹ́ igi ńlá tí oòrùn kì í dé, ẹ má bá ilẹ̀ jà. Èèpo igi ni kí ẹ tẹ́ síbẹ̀, kó má ju ínṣì 3 lọ, kó má sì kan ìdí igi. Òkìtì tí wọ́n máa ń kó jọ sídìí igi yẹn, tí gbogbo àdúgbò ń ṣe, jíjẹrà ló ń mú bá èèpo ara igi.

Ìgbà yìí náà ló yẹ kí ẹ ya àwòrán iwájú ilé, ní Oṣù Kẹwàá, nígbà tí koríko bá tutù, tí ewé igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Bí ilé bá fẹ́ jáde lópin ìgbà òtútù, realtor yín lè fi í kún àwọn tuntun, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bí ọgbà ṣe ń rí bí ayé bá dára.

Ẹni tó fẹ́ tà nísinsìnyí, tí kò lè dúró di ìgbà ìrúwé, irúgbìn kò ní í gbà á. Kó gé koríko tó wà, kó gé etí rẹ̀ lẹ́bàá ojú ọ̀nà kó mú ṣámúṣámú, kó fa èpò inú òdòdó, kó tẹ́ èèpo igi tuntun. Bí ibi tó pá bá wà níwájú gan-an, kó ra sod, koríko tí wọ́n ti gbìn lóko tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bó pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì ká jọ. Ó wọ́n, ó sì ń mu omi púpọ̀. Ó gba bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí gbòǹgbò rẹ̀ tó di ilẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ máa rìn lórí rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n o, ẹ má tẹ́ sod bo ẹ̀ṣẹ̀. Bí omi òjò bá ń rọ́ lọ sídìí ògiri, tó ń wọ basement, koríko kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ kúrò lára ilé, gọ́tà òrùlé gbọ́dọ̀ mọ́, ẹnu ọ̀pá tó ń gbé omi wá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìdí ilé. Ìwé kan wà tí olùtà ilé ní Maryland ń kọ. Ó lè yàn láti sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ilé, ó sì lè yàn pé bí ilé bá ṣe wà ni òun ṣe tà á. Àmọ́ èyí tó wù kó yàn, àbùkù tó fara pamọ́ tó lè ṣe ìlera tàbí ẹ̀mí èèyàn ní jàǹbá, bó bá mọ̀ ọ́n, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ayẹ̀léwò tó mọṣẹ́ á sì rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí koríko tuntun bò. Mo ti rí i tí sod rírẹwà gan-an di ohun tí wọ́n fi ń béèrè pé, kí ló dé tó jẹ́ ibí yìí nìkan ni wọ́n tẹ́ ẹ sí?

Àwọn tó ń gbọ́ wa láti Houston àti Atlanta, mo gbọ́ ìpè yín. Kàlẹ́ńdà tiyín yàtọ̀. Bermuda yín á sùn bí òtútù bá dé. Bí ẹ bá fẹ́ tà á nígbà òtútù, ẹ lè fọ́n perennial ryegrass lé e lórí nígbà ìwọ́wé kó lè tutù. Koríko St. Augustine ti Houston, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, ẹ má sì bomi rin ín lálẹ́ tàbí da nitrogen sí i lẹ́yìn tí òtútù bá ti sún mọ́lé. Àrùn tó ń mú un pọ́n ní òbìrìkítí-òbìrìkítí, irú ìlò bẹ́ẹ̀ ló ń pè é.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Láàárín ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé àti ọjọ́ settlement, ìyẹn ọjọ́ tí ilé yóò di ti ẹni tó rà á, ilé ṣì jẹ́ tiyín, koríko ò sì mọ̀ pé ẹ ti kó ẹrù lọ sí Texas. Ẹni tó ń rà á yóò padà wá wo ilé kó tó sanwó. Oṣù Kẹrin àti Karùn-ún sì ni fescue ń sáré jù, ọ̀sẹ̀ méjì péré á sọ ọ́ di igbó. Ẹ bá ẹnìkan ṣe àdéhùn gígé rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ san owó oṣù náà sílẹ̀, ẹ sì fún realtor yín ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìbomirin bá wà nínú ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ omi inú rẹ̀ dànù kí òtútù tó mú, ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn á béèrè.

Fóònù wa ti ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ pè, ẹ lọ wo iwájú ilé yín ná kí ẹ tó pè, kí ẹ lè sọ fún mi bóyá oòrùn ń dé ibẹ̀ láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án.